Ẹ̀gbè Ọmọdé: Èrè Tí Ó Wà Nínú Kíka Ìwé Àlọ́ Lálẹ́ ní Ìkirè àti Àpòmù

Láti ìgbà tí ìwé Yorùbá ti di ohun tí à ń tà lọ́jà tí a sì ń kà ní ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọn máa ka ìtàn fún ọmọ wọn ní alẹ́, kí oorun tó gbé wọn lọ. Ìmọ̀ràn rere ni, kò sì sí olóye ènìyàn tí yóò kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá fetí sí àlàyé tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń ṣe nípa èrè rẹ̀, ohun kan náà ni yóò máa gbọ́: pé àlọ́ ń kọ́ ọmọ ní ìwà rere, pé ó ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé ojúkòkòrò kò dára, àti pé irọ́ kò lérè. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò kan gbòǹgbò. Èrè tí ó tóbi jù nínú kíka àlọ́ fún ọmọ ni ìdáhùn tí ọmọ náà ń fún ẹni tí ń kà á. Níbi tí ọmọ bá ti ń gbe ẹ̀gbè, tí ó ń béèrè, tí ó sì ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, èrè wà níbẹ̀. Níbi tí ọmọ bá ti dákẹ́ bí ẹni tí ń gbọ́ ìwàásù, bí ó ti wù kí ìwé náà dára tó, èrè rẹ̀ yóò kéré.

Ìlú Ìkirè àti ìlú Àpòmù dára láti fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìlú méjèèjì wà nítòsí ara wọn ní ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ilẹ̀ kòkó, obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ọjà Àpòmù ti lókìkí láti ayé àtijọ́, nítorí níbẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti rà àti láti tà. Ní ti Ìkirè, ta ni kò mọ dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é pẹ̀lú ata. Wọn a dín in títí yóò fi dúdú, àwọn èrò ọkọ̀ a sì máa nawọ́ rà á lẹ́bàá títì. Ẹni tí ó lọ sí oko kòkó láàárọ̀ àti ẹni tí ó gbé igbá dòdò jókòó sí ẹ̀bá títì kì í rí ọmọ wọn dáadáa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nítorí náà, alẹ́ ni àkókò tí òbí àti ọmọ fi ń jókòó ti ara wọn, àkókò náà kò sì gùn. Ohun tí wọn yóò fi ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Kí ìwé tó dé, àlọ́ ni ó ni àkókò yìí. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ènìyàn pa á ní ọ̀sán, nítorí ti iṣẹ́ ni ọ̀sán. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, tí òṣùpá sì yọ, àwọn ọmọ agboolé a pé jọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọn a kọ́kọ́ fi ṣeré: ẹnì kan a pa á, àwọn yòókù a máa wá ìtumọ̀ rẹ̀; bí wọn kò bá rí i, ẹni tí ó pa á a sọ ọ́ fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni àlọ́ àpagbè a tó bẹ̀rẹ̀. Apàlọ́ a ké pé, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ a dá a lóhùn pé, "Ààlọ̀!" Bí wọn kò bá dáhùn, kò lè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìtàn bá dé ibi orin, apàlọ́ a dá orin náà, àwọn ọmọ a gbè é, ìtàn kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbè é tẹ́rùn. Ẹni tí ó bá wo ètò yìí dáadáa yóò rí i pé ọmọ ni ó ni ìdajì àlọ́. Orúkọ tí Yorùbá fún un pàápàá jẹ́rìí sí i: àpagbè, ohun tí à ń pa, tí à sì ń gbè.

Ìwé dé bá àṣà yìí díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1938 ni ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé ìtàn Yorùbá tí ó gùn lè wà nínú ìwé. J. F. Ọdúnjọ kọ àwọn ìwé Aláwíyé, èyí tí ìran ọmọ púpọ̀ fi kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìwé kíkà sì wọ ilé tí kò ti sí rí. Ní ọdún 1973, Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde, ó sì pín in sí apá méjì. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá àgbà wọn kò sí nítòsí, tàbí tí òbí wọn ti kó lọ sí ìlú ńlá, ni ìwé bẹ́ẹ̀ fún ní ohun tí wọn ìbá pàdánù. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìwé ni ó pa àlọ́ kò ṣe òdodo sí àwọn tí ó kó o jọ.

Ṣùgbọ́n ìwé ní ohun tí ó ń mú wá, ó sì ní ohun tí ó ń gbà lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń gbà lọ ni àsìkò. Orin tí àwọn ọmọ agboolé ń gbè ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òǹkọ̀wé sábà ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìwé wọ́n, òǹtẹ̀wé kò sì fẹ́ kí ewé ìwé pọ̀ jù. Òbí tí kò bá mọ àṣà náà yóò ka orin yìí bí ẹni ń ka ìròyìn, yóò sì kọjá lọ. Ọmọ tí ìbá kọrin kò rí àyè kọ ọ́. Bákan náà ni ìpè ìbẹ̀rẹ̀: ìwé lè tẹ ìpè apàlọ́ àti ìdáhùn ọmọ papọ̀ sí orí ìlà kan, kí òbí sì ka méjèèjì fúnra rẹ̀. Nígbà náà, ó ti gba ti ọmọ mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ ìwé nìkan. Àmì lásán ni ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé; ẹni tí ń kà á ni ó ní láti mọ ibi tí yóò ti dúró de ọmọ.

Ohun kejì ni ohùn. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, àmì ohùn sì ni ojú tí a fi ń ríran nínú ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rántí àlọ́ tí Ìjàpá ti kó gbogbo ọgbọ́n ayé jọ sínú igbá, tí ó gbé e kọ́ àyà, tí ó sì ń gbìyànjú láti gun igi kí ó lè fi í pamọ́ sókè. Nígbà tí wọ́n bá pa á pé ọ̀pẹ ni igi náà, Ìjàpá nílò igbà tí àwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Igbá wà níbẹ̀, igbà wà níbẹ̀. Bí ìwé kò bá sì ní àmì ohùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì lójú ẹni tí ń kà á. Òbí lè fi igbà kọ́ Ìjàpá lọ́rùn kí ó sì fi igbá gun ọ̀pẹ, kí ọmọ bú sẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, tàbí, èyí tí ó burú jù, kí ó má rí ohun kankan tí ó yàtọ̀. Ọmọ tí a ń kàwé fún dáadáa lálẹ́ ń gbọ́ ìyàtọ̀ igbá, igbà, igba àti ìgbà kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sí ara pátákó. Bí ó bá sì já a gbà lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, igbá ni, kì í ṣe igbà," ẹ̀kọ́ èdè tí ó dára jù lọ ni ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìwà ni ó kàn báyìí. Ó ti di àṣà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àlọ́ pé kí ìlà kan wà ní ìparí tí yóò sọ ohun tí ìtàn kọ́ wa. Àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ yóò fi àléébù èyí hàn. Yánníbo ń wá ọmọ. Ìjàpá tọ babaláwo lọ, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn àsèjẹ náà wọ̀ ọ́ nímú lójú ọ̀nà. Ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ó padà sọ́dọ̀ babaláwo pẹ̀lú orin ẹ̀bẹ̀. Ìlà ìparí yóò sọ pé ọ̀kánjúwà kò dára. Kò sí ọmọ tí kò mọ èyí kí ìtàn tó dé ìdajì. Ìbéèrè tí ọmọ sábà ń ní lọ́kàn yàtọ̀: Yánníbo ńkọ́? Ǹjẹ́ ó rí ọmọ bí? Àlọ́ náà kì í sábà sọ. Obìnrin tí nǹkan ń dùn jókòó sílé, ó ń retí oògùn tí ọkọ rẹ̀ ti jẹ, ẹ̀rín sì bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà ẹ̀kọ́ ìwà ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè yìí. Òbí tí ó bá fo ìlà náà, tí ó dákẹ́ díẹ̀, tí ó sì fi ọmọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀, yóò gbọ́ ohun tí òǹkọ̀wé kò kọ.

Àlọ́ Ìjàpá àti àwọn àna rẹ̀ tún jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ó rí ẹ̀bẹ gbígbóná lórí iná, kò sí ẹni tí ń wò ó, ó bu ẹ̀bẹ náà sínú fìlà rẹ̀, ó sì dé e. Ó yára dágbére. Ṣùgbọ́n àna kì í jẹ́ kí àna lọ bẹ́ẹ̀: wọ́n sìn ín sọ́nà, wọ́n ń kí i, wọ́n ń kí ìyàwó, wọ́n ń kí àwọn ará ilé. Bí wọ́n ti ń kí i ni ẹ̀bẹ ń jó o lórí, títí irun rẹ̀ fi bó tí orí rẹ̀ sì pá. Adùn àlọ́ yìí wà nínú ìkíni náà. Ẹni tí kò bá mọ bí Yorùbá ti ń sin àlejò sọ́nà kò lè rí ohun tí ó pa ni lẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ ni àwọn àna ń fún un, ọ̀wọ̀ náà ni ó sì di ìyà rẹ̀. Bí ìwé bá kọ ọ́ ní ìlà kan pé wọ́n sìn ín dé ọ̀nà, òbí tí ó gbọ́n yóò fi gbólóhùn kan náà fún ọmọ ṣe iṣẹ́. Yóò jẹ́ kí ọmọ di àna, kí ó máa béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé Ìjàpá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti ń fa ìkíni gùn ni orí Ìjàpá ń jó sí i. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ́ bí a ti ń kí ènìyàn.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè ti fi ọ̀nà tiwọn dé ibi tí àwọn apàlọ́ ti wà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú Boston, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1989, Reach Out and Read, tí wọ́n fi ń fún ọmọdé ní ìwé nígbà tí òbí bá gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1992, ètò Bookstart bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní ìwé. Ṣáájú ètò méjèèjì, ní ọdún 1988, Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́ àwọn òbí kan pé kí wọn má kàn máa kàwé lọ, kí wọn máa bi ọmọ ní ìbéèrè tí kò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, kí wọn sì máa fa ọ̀rọ̀ ọmọ gùn. Àwọn òbí yòókù ń kàwé bí wọ́n ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù kan, àwọn ọmọ tí a fún ní àyè láti sọ̀rọ̀ ti ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Iye ìwé kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ọmọ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó ti gbé ẹ̀gbè àlọ́ rí ní agboolé kan ní Àpòmù kò ní fi ìwádìí yìí ṣe ìyanu.

Síbẹ̀, kò yẹ kí èyí di ọ̀rọ̀ ìyangàn. Kì í ṣe gbogbo ìyá àgbà ni ó mọ àlọ́ pa, iye àlọ́ tí ẹnì kan mọ̀ sì ní òpin. Ìwé ń mú ọ̀rọ̀ wá tí ilé kan ṣoṣo kò ní. Ọmọ tí ó dàgbà sí ẹ̀bá títì ní Ìkirè mọ ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo àti ọkọ̀; ó lè má tí ì gbọ́ ebè àti poro rí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ka àlọ́ Ìjàpá àti Ajá, tí àwọn méjèèjì lọ jí iṣu wà lóko olóko, ọmọ ní láti mọ ibi tí iṣu wà nínú ilẹ̀, ohun tí ó yà ebè kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àti ìdí tí ẹrù Ìjàpá kò fi jẹ́ kí ó lè sáré. Ó béèrè, bàbá sì sọ fún un. Bí bàbá kò bá mọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe ń dá ọ̀rọ̀ tí ó ti fẹ́ parẹ́ nílé padà sínú ilé. Ohun tí apàlọ́ àtijọ́ ń ṣe pẹ̀lú ìrántí nìkan, òbí òde òní lè fi ìwé ràn án lọ́wọ́, bí ó bá ti jẹ́ kí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Kì í sì ṣe àlọ́ nìkan ni ó yẹ láti kà. Àpòmù ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn tòótọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé ìjà kan ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù lórí ataare tí wọ́n ń tà, láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú. Àwọn ènìyàn ti ń jí ara wọn gbé tà ní ọjà náà ṣáájú, ọkàn sì ti korò. Láti ibẹ̀ ni ogun Òwu ti bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820. Wọ́n dó ti Òwu fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú náà sì tú. Ìtàn yìí kì í ṣe àlọ́, òbí kò sì gbọdọ̀ pè é ní àlọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kò yẹ fún ọmọ kékeré tí oorun ń kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ní Àpòmù lè gbọ́ ọ, kí ó sì béèrè ìbéèrè tí àwọn òpìtàn pàápàá ń béèrè: ṣé nítorí ataare ni ìlú fi tú, àbí ohun mìíràn ti wà nílẹ̀? Ọmọ tí ó bá bi òbí rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ ìtàn.

Gbogbo èyí ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ fàájì bí ilé ẹ̀kọ́ bá di ọwọ́ èdè Yorùbá mú ṣinṣin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, tí kò jìnnà sí Àpòmù. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọn máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Yálà ẹni tí ń kà á fara mọ́ èyí tàbí kò fara mọ́ ọn, ohun kan dájú: ohun tí ọmọ yóò mọ̀ nínú Yorùbá tí ó jinlẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé báyìí ju ti ìgbà kan rí lọ. Bí alẹ́ bá sì kọjá láìsí i, ọ̀sán kò ní san án padà.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé bí àwọn bá ń ka Yorùbá fún ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ ti dáhùn fún wọn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n, pé kí fóònù máa pa àlọ́ fún ọmọ. Fóònù lè pa àlọ́, ohùn rẹ̀ sì lè dùn. Ṣùgbọ́n kì í dúró de ọmọ bí òbí ti ń dúró dè é. Bí ọmọ kò bá gbè é, yóò máa bá tirẹ̀ lọ; bí ọmọ bá béèrè Yánníbo, kò gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ìyá tí ó rẹ̀, tí ó ń ṣi ọ̀rọ̀ kà tí ọmọ sì ń tún un ṣe, sàn ju wákàtí kan ti ohùn dídán tí kò ní etí. Àwọn kan sì wà tí kò mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò nira bí wọ́n ti rò. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹrin lè ka ìwé fún ìyá àgbà rẹ̀, kí ìyá àgbà dá orin tí ìwé kò kọ tán. Ọmọ ní ìwé, ìyá àgbà ní ohùn. Àwọn méjèèjì yóò pé.

Láti inú gbogbo èyí ni a ti lè rí òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn aṣelámèyítọ́ máa fi wọn ìwé àlọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yàn fún kíkà ní alẹ́. Èkíní, àmì ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, nítorí òkùnkùn ni ìwé tí kò ní in. Èkejì, kí orin inú rẹ̀ fi ohun tí apàlọ́ ń dá àti ohun tí ọmọ ń gbè hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn máa sọ̀rọ̀ fúnra wọn, kí ọmọ lè yá ẹnu wọn lò. Ẹ̀kẹrin, kí ó kúrú tó láti parí kí oorun tó dé, tàbí kí ó ní ibi tí a lè dá dúró tí ọ̀la yóò fi máa wu ọmọ. Ẹ̀karùn-ún, kí ó fi ìparí sílẹ̀ fún ọmọ. Ìwé tí ó bá kùnà nínú ìkarùn-ún ṣì ṣeé lò, bí òbí bá mọ ìlà tí yóò fò. Èyí tí ó bá kùnà nínú ìkíní kò ní ẹ̀bẹ̀.

Àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ kan síwájú sí i, èyí ni pé kí wọn fi alẹ́ sílẹ̀ fún alẹ́. Bí olùkọ́ bá ti fi àlọ́ tí ìyá kà ṣe ìdánwò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ àlọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, yóò sì máa wá ìdáhùn tí olùkọ́ ń fẹ́ dípò tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ní tiwọn. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹ̀ka kan ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà. Kò sí ibi tí ó tún yẹ jù láti kó àlọ́ agbègbè náà jọ pẹ̀lú orin rẹ̀, kí a kọ ẹ̀gbè ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ apàlọ́. Lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dá, ọ̀pọ̀ ti di arúgbó. Iṣẹ́ tí a bá fi sílẹ̀ di ọdún mẹ́wàá, ó lè má sí ẹni tí a ó bi mọ́.

Ìlé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a ti fún ní àyè láti dáhùn nílé yóò lè dáhùn níwájú olùkọ́, ní ọjà, àti níwájú àwọn àgbà ìlú. Yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbè, yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá orin tirẹ̀. Èrè ìwé tí a kà ní alẹ́ ni èyí, ó sì wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìkirè àti Àpòmù tí ó bá ní ìwé kan, àtùpà kan, àti sùúrù láti dúró títí ọmọ yóò fi sọ pé, "Ààlọ̀!"